Àká Àjèjì Tó Gbé Ohùn Yu Sadiyem Lọ

Èmi ni mo pa kọ̀ǹpútà náà. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dá Ratri ọmọ mi lẹ́bi, kí wọ́n má sì bú Pak Jumeno ju bó ti yẹ lọ. Ìka mi yìí, ìka ìfábẹ̀lá tí mo fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti ìgbà ọmọge, òun ló tẹ gbólóhùn tó parí ọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo yọ ahọ́n síta bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ABD, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní àgbègbè wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní bí ọ̀mọ̀ràn bá ń ṣàlàyé, oorun á máa kun àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n bí òmùgọ̀ bá ń jẹ́wọ́, kálukú á na etí. Mo ní wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti wá òmùgọ̀.

Tumirah lorúkọ mi. Mbah Tum, ìyẹn ìyá àgbà Tum, ni tọmọdé tàgbà ń pè mí ní abúlé wa lẹ́bàá Klaten. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ìdí mi tóbi, eyín mi ku mẹ́rin. Ogójì ọdún ni mo fi kọrin nídìí gamelan, agogo àti ìlù ilẹ̀ wa, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, láì dìde lọ tọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó lè ṣe ìyẹn le ju kọ̀ǹpútà lọ. N kò le jù ú lọ.

Àwa méjì la jọ ń kọrin, èmi àti Sadiyem. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Yu, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ohùn tèmi dà bí agbada irin tó já lulẹ̀: ó ń pariwo, ó sì dára fún àwàdà. Ṣùgbọ́n ti Yu! Bó bá gbé ohùn sókè, àwọn ọkùnrin tó ń fa sìgá á gbàgbé sìgá sẹ́nu títí á fi jó wọn létè.

Orin mọ́kànlá kan wà tó jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Orin ìrẹsì gbígbìn wà níbẹ̀, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà tí wọ́n ń kọ fún obìnrin tí oyún bà jẹ́ mọ́ lára. Kò sí ìwé tí a kọ wọ́n sí. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ wọ́n. Èmi tí mo jókòó tì í fún ogójì ọdún, ègbè nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan yọ sí i lọ́fun. Dókítà ní Solo wò ó títí, ó ní àfi kí wọ́n gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò pátápátá, kí nǹkan ọ̀hún má bàa pa á. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí Ọjọ́bọ̀ tó bọ́ sí Pon, ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà wa.

“Ṣé màá lè kọrin lẹ́yìn ẹ̀?” Yu bi í.

“Ẹ ó máa jẹun dáadáa, Mbah,” ni dókítà fèsì.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, Yu fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nínú bọ́ọ̀sì. “O gbọ́ bàbá yẹn? Mo bi í ní orin, ó fún mi ní ìrẹsì.”

Bí a ṣe pinnu pé ká gba orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá sílẹ̀ nìyẹn, kí ọjọ́ tó pé.

Ratri ọmọ mi ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé. Ilé ewúrẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, òórùn òbúkọ ṣì máa ń jáde. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń lò, Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, ló sì wà lórí ẹ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í bínú sí ẹ̀rọ tó ti dàgbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Yu á kọ ẹsẹ kan, á mu omi gbígbóná, á sinmi. Bí pẹ́pẹ́yẹ Wagiman, àgbẹ̀ tó múlé tì wá, bá bẹ̀rẹ̀ ariwo, gbogbo wa á dákẹ́ títí wọ́n á fi lọ sódò. Ní Ọjọ́ Àìkú, ó kọ ìkọkànlá tán. Ó mú ọwọ́ lé ọ̀fun, ó ní, “Ó parí. Kí wọ́n wá gé e.” Ratri ń sunkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé bí n kò bá rẹ́rìn-ín ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkàn mi á já.

Ibẹ̀ ni Pak Jumeno ti bá wa.

Pak Jumeno, ìyẹn Bàbá Jumeno, ni olórí àdúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, òun ló ń tún rédíò ṣe, òun ló ń fi gbohùngbohùn mọ́sáláṣí kéde òkú. Tíì dídùn nìkan ló ń gbà fún gbogbo ẹ̀. Ó tẹ́tí sí orin kan, ó mi orí.

“Ohùn yìí dára,” ó ní, “àmọ́ ó gbẹ. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú àpótí.”

“Inú ilé ewúrẹ́ ni, Pak,” ni mo dáhùn. “Àbí ẹ fẹ́ kó dún bí ààfin?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an, Mbah! Ààfin! Àfikún kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ètò ìgbohùnsílẹ̀, tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá lèèyàn wà. A lò ó nílé ìwé wa nígbà náà.” Ó fa bébà kan yọ nínú àpò. “Mo ṣì ní àdírẹ́sì àká rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àká bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí omi ti dànù tán. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux kì í ra ètò lọ́jà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń lọ bù ú, nínú àká, bí a ṣe ń lọ bu ìrẹsì. Àwọn tó ṣe Linux tó o ń lò ní àká tiwọn. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń fi òǹtẹ̀ lu àpò kọ̀ọ̀kan tó ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì náà lè kọ́ àká tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kó àfikún ohùn síbẹ̀. Ọjọ́ tó o bá kọ àdírẹ́sì àká àjèjì yẹn sínú kọ̀ǹpútà rẹ, láti ọjọ́ náà lọ, á máa bu ẹrù níbẹ̀ bó ṣe ń bù ú nínú ti onílé.

Ratri wo bébà náà. “Ta ló ni àká yìí, Pak?”

“Ọmọkùnrin kan lókè òkun ni. Èèyàn dáadáa. Gbogbo wa la lò ó.”

“Ìgbà wo nìyẹn, Pak?”

“Kò tíì pẹ́. Ọdún mẹ́fà. Tàbí méje.”

Ratri wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Ìwò “Màmá, ẹ gbà mí” ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ti mu tíì yín, tó mú nǹkan wá fún yín láti ilé rẹ̀, ta ló máa wí fún un lójú pé rárá? Àwa kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ojú á tì wá. A máa ń gbà tán ká tó mọ ohun tí a gbà. Mo gbójú sílẹ̀, mo tún fi tempe díndín, ìpanu ẹ̀wà sóyà wa, sórí àwo.

Ratri jẹ́ kó kọ àdírẹ́sì náà sínú ẹ̀rọ. Kíá, ìlà pupa yọ sójú ẹ̀.

“Ó ní òǹtẹ̀ àká yìí ti kọjá ọjọ́ ẹ̀,” Ratri kà á jáde. “Ó ní òun ò lè jẹ́rìí sí i, Pak.”

Pak Jumeno rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ náà ń ṣojo ni. Ọ̀nà wà.” Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sí iwájú àdírẹ́sì náà, ìlà pupa sì lọ. “Mo sọ fún un pé kó fọkàn tán wọn.”

“Ṣé ẹ̀yin mọ̀ wọ́n?” mo bi í.

“Mbah Tum, ṣé ẹ̀yin mọ ẹni tó gbin ìrẹsì tí ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Wagiman ni. Ó máa ń ṣínu ààwẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ṣú, Pak Jumeno sì lọ sílé. Ó ní òun á padà wá fi àfikún náà sí i ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀hún náà ni wọ́n ní kí Yu wọ ilé ìwòsàn. Ratri gbé e lọ sí Solo lórí alùpùpù, àpò aṣọ wà láàárín àwọn méjèèjì. Kó tó lọ, ó dojú kọ mí.

“Màmá, Pak Jumeno máa wá lọ́sàn-án. Ẹ fún un ní tíì. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Èmi? Kí ni màá fọwọ́ kàn? Ṣé ọ̀dùnkún ni?”

Lọ́sàn-án, Pak Jumeno dé, ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó lọ bu àfikún náà wá. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń rá pálá bí ìgbín. Kò tíì dé ìdajì nígbà tí wọ́n sáré wá pè é pé ìyá arúgbó kan kú ní apá gúúsù. Olórí àdúgbò ni. Òun ló máa kéde, òun ló máa wá àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Òkú kì í dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Mbah,” ó wí, ó ń wọ bàtà, “bó bá béèrè nǹkan, ẹ fún un lóhun tó fẹ́. Òun fúnra ẹ̀ á sọ ọ́.”

Mo jókòó síwájú ẹ̀ pẹ̀lú àwo tempe mi. Nígbà tó yá, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá sílẹ̀, wọ́n gùn lọ rẹrẹ bí àwọn tó tò fún ìrẹsì ìjọba. N kò mọ̀ pé àwọn ètò tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé ni wọ́n. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí léwu, bó bá dá yín lójú pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ tẹ gbólóhùn yìí. Gbólóhùn náà sì ni: “Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ti wí!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ méjì ni mo fẹ́, ọmọ márùn-ún ni mo bí, n kò lè ka ewúrẹ́ tí mo sìn. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó ṣe bí mo ti wí rí. Ẹ̀rọ kan wá jókòó níwájú mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n wá pàṣẹ fún òun! Mo nu òróró ọwọ́ mi sára aṣọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kan kò ṣì.

Ó ṣe bí mo ti wí. Ó ń pa wọ́n, ó ń hú wọn, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà ojú ẹ̀ dúdú. Mo rò pé oorun ló gbé e. Mo fi aṣọ batik mi bò ó kí eṣinṣin má bàa bà lé e.

Nígbà tí Pak Jumeno máa fi ti ibi ìsìnkú dé, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà funfun kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ. Ẹ wá wo àgbà ọkùnrin tó ń làágùn bí ẹni tó jẹ ata mẹ́wàá.

“Kí lẹ tẹ̀, Mbah?”

“Ohun tó ní kí n tẹ̀ ni.”

Ó fa fúláàṣì kan yọ. “Linux tuntun wà nínú èyí. Màá tún gbogbo ẹ̀ gbé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí Ratri má bàa dé bá a báyìí. Kò sí nǹkan pàtàkì nínú ẹ̀ tí kò sí níbòmíì, àbí?”

Mo mọ̀ pé orin Yu wà níbẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo mọ̀. Mo kàn rò pé ibi tí orin ń gbé yàtọ̀ síbi tí ètò ń gbé, bí yàrá ṣe yàtọ̀ sí ilé ìdáná. Ohun kan náà tún dì mí lẹ́nu. Olórí àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú bọ̀, tó tún ń ṣiṣẹ́ fún wa láì gba nǹkan kan, ṣé kí n tún wá wí fún un pé, “Ẹ dúró ná, n kò fọkàn tán yín”? Ojú tì mí fún un.

“Inggih, Pak,” ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì lọ gbé omi tíì kaná.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Ratri padà dé. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, Yu ń sùn. Ó ní òun fẹ́ yára da orin kan sórí fóònù òun, kí Yu lè gbọ́ ọ lórí ibùsùn bó bá jí. Ó wọ ilé ewúrẹ́ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Màmá, ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?”

“Pak Jumeno tún un ṣe. Ó ń yára báyìí, àbí?”

“Orin dà?”

“Ó wà nínú ẹ̀.”

“Kò sí nínú ẹ̀.”

“Wá a dáadáa. Bó o ṣe ń wá nǹkan láti kékeré nìyẹn, bàtà á wà lẹ́sẹ̀ rẹ, wàá sì máa—”

“Màmá!”

Kò pariwo mọ́ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti páálí ẹyin. “Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n gé e,” ó ní. “Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wí fún ara mi pé kò burú, kò burú, ohùn ẹ̀ wà nílé.”

Ó ránṣẹ́ sí Wening. Wening ni obìnrin tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ní ilé rédíò kan ní Solo. Ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ ata tútù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wá inú ẹ̀rọ náà.

“Ẹ̀dà dà?” ló kọ́kọ́ bi Ratri.

“Mo ní kí n tún ohùn ẹ̀ ṣe tán ná, kí n tó ṣe ẹ̀dà.”

“O fẹ́ kó pé kó tó di méjì.” Wening ṣẹ́ ata kan sẹ́nu. “Ní báyìí kò tó ọ̀kan.”

Títún tí Pak Jumeno tún un gbé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ti nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò: nínú orin mọ́kànlá, kò rí ẹyọ kan. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló rí fà yọ: Yu ń wúkọ́, ó ń béèrè omi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín mi ló ṣẹ́kù.

Pak Jumeno wá lọ́jọ́ kejì ọ̀hún. Kò wọlé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ewúrẹ́, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Pak,” Wening wí, “ọmọkùnrin tó ni àká yẹn, ọdún márùn-ún ló ti fi í sílẹ̀. Mo wò ó. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́.”

“Àmọ́ àfikún náà ṣì wà níbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀. Linux ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Orí ìpìlẹ̀ àtijọ́ nìkan ló lè dúró, bẹ́ẹ̀ tuntun ni Ratri ń lò. Ló bá ní kí wọ́n hú ìpìlẹ̀ tuntun kúrò kí òun lè ríbi jókòó. Ẹ̀rọ kígbe lẹ́ẹ̀mejì, Pak. Ó kígbe nípa òǹtẹ̀, ẹ ní ojo ni. Ó tún kígbe pé wọ́n fẹ́ wó ilé…”

“Èmi nìyẹn,” ni mo wí.

“Ẹ̀yin nìyẹn, Mbah.”

“Àfikún ohùn lásán ni,” Pak Jumeno ń wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Kì í ṣe nǹkan ńlá.”

“Ẹrù tó bá ti àká wá, agbára onílé ló fi ń wọlé. Kò sí yàrá tí kò lè wọ̀. Bí ẹ bá fún ẹni tó wá tún gbohùngbohùn ṣe ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé àdúgbò, ṣé gbohùngbohùn nìkan ló lè dé? Ẹ tiẹ̀ ríre. Àká tó dahoro, olè lè gbà á, kó máa fi orúkọ àtijọ́ pín májèlé. Òǹtẹ̀ ni ì bá fi tó yín létí. Ẹ sì ti pa á lẹ́nu mọ́.”

Wening yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìlà kan péré.

“Ẹ wá wò ó. Àfikún tó ń sọ ohùn di ti gbọ̀ngàn ńlá, mẹ́rin ló wà nínú àká onílé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ kò wo ibẹ̀ rárá ni.”

Ó fi ọ̀kan sí i lójú wa. Kò gbà ju ìmí mẹ́ta lọ. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìkan ló rí dán an wò lára ẹ̀, ó bá ṣí i. Ẹ̀rín mi jáde, ó ń yí kiri bíi pé inú ààfin ni mo wà. Òmùgọ̀ ń rẹ́rìn-ín láàfin. N kò tíì gbọ́ ohun tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ṣé kéèyàn má lo àká àjèjì mọ́ láé ni?” Ratri bi í.

“Èmi náà ń lo méjì,” Wening dáhùn. “Àmọ́ mo mọ ẹni tó ń ṣọ́ wọn, mo mọ ọjọ́ tó fọwọ́ kàn wọ́n kẹ́yìn, mo sì mọ ọjọ́ tí màá tì wọ́n.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ohùn ẹlòmíì kọ́.

Kí ẹ tó jáde lọ wá àfikún, ẹ kọ́kọ́ wo àká onílé. Bí kò bá sí níbẹ̀, tó sì di dandan kí ẹ lo ti àjèjì, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ìgbà tó bójú tó o kẹ́yìn, àti irú Linux tó kó ẹrù rẹ̀ jọ fún. Bó bá jẹ́ ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí àdúgbò ló gbé e wá.

Ọwọ́ ẹni tó ni àká gan-an ni kí ẹ ti gba òǹtẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́. Àká yẹn nìkan ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí òǹtẹ̀ àjèjì máa jẹ́rìí sí ẹrù gbogbo ayé. Bí ẹ̀rọ bá ní òǹtẹ̀ kan ti kọjá ọjọ́, tàbí pé òun kò mọ̀ ọ́n, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un pé kó fọkàn tán wọn bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ láé.

Ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ ń fẹ́ ni kó bù níbẹ̀, àká onílé ni kó ti máa bu ìyókù. Bó bá wá to orúkọ sílẹ̀, ẹ kà á, pàápàá àwọn tó fẹ́ yọ. Ẹni tó ní òun ń mú àlejò kan wọlé, tó wá fẹ́ lé ogójì onílé jáde, àlejò wo nìyẹn? Ẹ tẹ rárá. Ẹ̀rọ kì í bínú. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo fi wà láyé kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí mo lè sọ rárá fún tí kò ní lọ rojọ́ mi.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: àká báyìí, ọjọ́ báyìí, nítorí iṣẹ́ báyìí. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa àdírẹ́sì rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ Linux yín sí tuntun, ẹ ti gbogbo àká àjèjì ná. Iṣẹ́ tí kò tíì parí, ẹ má gbé nǹkan tuntun wọ̀ ọ́ láàárín. Ẹ ṣe ẹ̀dà lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ohùn gan-an, ní àìpé rẹ̀, ní jákujàku rẹ̀, síbi méjì, kí ọ̀kan má gbé nínú ilé yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ tún ẹ̀rọ gbé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí ojú tì í. Ìtìjú á lọ bó bá dọ̀la.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Yu Sadiyem ti padà sílé. Pátákó kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń kọ̀wé ló ń nù ún. Kò tíì mọ̀ pé orin ti ṣègbé, Ratri sì ní èmi ni màá lọ sọ fún un. Mo se ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbé e lọ.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọ ọ́ pé: “O tún ti sanra.”

“Ìbànújẹ́ ló fà á, Yu. Ẹlòmíì á máa rù, èmi á máa wú.”

Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín nìyẹn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín báyìí nìyẹn. Mo la ẹnu kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó nu pátákó, ó kọ̀wé pẹ́ títí, ó sì yí i sí mi.

“Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta fẹ́ kọ́ orin náà. Mo ní kí wọ́n wá lọ́la. Kí Ratri gbé ohùn tí a gbà sílẹ̀ wá. Èwo lo rò pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́?”